Bí Mo Ṣe Tọpasẹ̀ Bàbá Aláṣọ Pupa

Ìyàwó ilé ló máa ń mọ oríkì ilé ọkọ jù. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ bíbí inú ilé lè má mọ̀ ju ìlà méjì lọ, àmọ́ obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọlé ní láti mọ̀ ọ́n, torí òun ni yóò máa fi kí àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, òun náà ni yóò sì máa fi rẹ ọmọ tó ń sunkún lẹ́kún. Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ìkòyí, síbẹ̀ ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gbangba ni wọ́n fi ń gbọgbẹ́.

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni èmi fẹ́. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, oríkì tèmi wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọmọ bàbá rẹ̀ ni, mo sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ki àwọn tó wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Mo bi ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ohun kan ṣoṣo tí ẹbí àwọn fi ń yangàn ni Colonel, ọ̀gá ológun kan. Colonel yìí ló bí bàbá àgbà bàbá ọkọ mi. Ìtàn tó wà nílẹ̀ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ: wọ́n ja ogun Crimea tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bá Rọ́ṣíà jà, wọ́n wà níbi ìjà Inkerman, wọ́n sì lọ sí Íńdíà kí wọ́n tó di Colonel. Fọ́tò kan àti mẹ́dà méjì wà nínú agolo bisikíìtì. Ó parí síbẹ̀.

Ìyàwó kì í pe àwọn àgbà ilé ọkọ lórúkọ. Bí gbogbo ìyàwó ṣe ń ṣe, mo sọ wọ́n lórúkọ tí ọkàn mi fẹ́: Bàbá Aláṣọ Pupa, torí aṣọ pupa ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀ láyé ìgbà náà. Orúkọ yẹn ni màá máa pè wọ́n níhìn-ín. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí ọ̀nà wọn, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti fẹ́ tàbí tí wọ́n ti bí sínú irú ẹbí yìí, àwọn mìíràn sì wà lára àwọn Sàró tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé tiwọn gan-an.

Ọ̀nà ọ̀gá ológun yàtọ̀ sí ti ṣọ́jà lásán. Ṣọ́jà lásán tó gba owó ìfẹ̀yìntì láyé Ọbabìnrin Victoria sábà máa ń ní ìwé kan tí gbogbo ayé rẹ̀ wà nínú rẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó wọṣẹ́ ogun, bó ṣe ga tó, àwọ̀ ojú rẹ̀, bí ìwà rẹ̀ ṣe rí. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn wà ní National Archives, ilé tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ àmì WO 97. Ọ̀gá ológun kò ní irú rẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbì kan, ìgbéga rẹ̀ wà níbòmíràn, ìgbéyàwó rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá lọ sí Kew láìmọ rẹ́jímẹ́ńtì bàbá rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà, àti ọjọ́ tí bàbá náà gba ipò, ìwé ni yóò kàn máa ṣí káàkiri. Ilé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Inú agolo bisikíìtì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa yẹ etí mẹ́dà wò, ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan. Ní etí mẹ́dà Crimea náà ni wọ́n fín orúkọ Bàbá sí, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ́jímẹ́ńtì wọn: 97th. Títí di ọdún 1881, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ mọ̀. Lọ́dún náà ni wọ́n so ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ ní méjì-méjì, tí wọ́n sì fún wọn ní orúkọ àgbègbè. Rẹ́jímẹ́ńtì 50th àti 97th di Royal West Kent, ìlú Maidstone sì ni ojúkò wọn. Bí ẹ bá ń wá 97th nínú ìwé ọdún 1885, ẹ kò ní rí i mọ́, orúkọ tuntun ni ẹ óò fi wá a. Àwọn nǹkan àtijọ́ rẹ́jímẹ́ńtì náà wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Maidstone títí di òní.

Ohun kejì wà lára ọ̀já mẹ́dà náà. Wọ́n máa ń kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, tí orúkọ ogun wà lórí rẹ̀: Alma, Balaklava, Inkermann, Sebastopol (ìyẹn Sevastopol). Ẹyọ kan ló wà lórí ti Bàbá, Sebastopol. Ìjà Inkerman wáyé ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1854. Rẹ́jímẹ́ńtì 97th kò sì tíì gúnlẹ̀ sí Crimea lọ́jọ́ náà, nínú oṣù kan náà ni wọ́n dé, lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Nígbà tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi, inú wọn kò dùn. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń sọ ìtàn Inkerman fún àlejò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè, pé bóyá ohun tí màá rí yóò ju Inkerman lọ. Ó sì jù ú lọ ní tòótọ́.

Ìwé tó ṣí ọ̀nà fún mi jù ni Army List. Ìjọba ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdọọdún àti ní oṣooṣù, orúkọ gbogbo ọ̀gá ológun sì wà nínú rẹ̀, rẹ́jímẹ́ńtì sí rẹ́jímẹ́ńtì, láti orí ọ̀gá àgbà títí dé orí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òmíràn tún wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ. Ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Henry George Hart ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1839, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di 1915. Hart fi àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé nípa ogun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jà, ó sì fi lẹ́tà P kékeré ṣíwájú ọjọ́ ìgbéga tí wọ́n bá fi owó rà. Ilé ìkàwé ìjọba Scotland ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ìwé wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Orí tábìlì ilé ìdáná mi ni mo jókòó sí tí mo fi ka Bàbá láti ọdún dé ọdún. Ní 1855, ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ wọn wà, láàárín àwọn Ensign, ipò ọ̀gá tó kéré jù lọ. Nínú ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti kúrò láàárín Ensign, wọ́n ti di Lieutenant, kò sì sí P ṣíwájú ọjọ́ náà.

Àìsí lẹ́tà P yẹn ló dá mi dúró. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1871, nígbà tí Edward Cardwell jẹ́ mínísítà fún ọ̀ràn ogun, owó ni wọ́n fi ń ra ipò ọ̀gá nínú ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún rẹ́jímẹ́ńtì ẹlẹ́sẹ̀ ni £450 fún Ensign, £700 fún Lieutenant, £1,800 fún Captain, £3,200 fún Major àti £4,500 fún Lieutenant-Colonel. Ẹni tó ń gòkè yóò san owó tó fi yàtọ̀ láàárín ipò méjèèjì, lábẹ́lẹ̀ sì ni wọ́n tún ń lé owó sí i ju iye tí òfin sọ lọ. Ṣílè 5 àti tọ́rọ́ ni Ensign ń gbà lójúmọ́, nítorí náà £450 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù ọdún márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tálákà kì í fi í sí níbẹ̀. Ètò yìí kò kan àwọn tó ń yin ìbọn àgbá àti àwọn ẹnjiníà, ilé ẹ̀kọ́ Woolwich ni wọ́n ń gbà wọlé.

Ìgbà wo wá ni ènìyàn lè gòkè láìsanwó? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí ẹni tó wà níwájú bá kú ni. Ipò òkú kò ṣeé tà. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni yóò wọ bàtà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà sì ni owó tí olóògbé ti fi ra ipò náà ń run mọ́ ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́.

London Gazette ló jẹ́ kí n rí òkú náà. Ìwé ìròyìn ìjọba ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde láyé ìgbà náà, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àpótí ìwákiri rẹ̀ nìkan, torí kọ̀ǹpútà kì í ka lẹ́tà àtijọ́ dáadáa. Ẹ gba ọjọ́ ìgbéga láti inú Army List, kí ẹ wá lọ sí Gazette ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ fi ojú ara yín kà á. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Orúkọ Bàbá wà níbẹ̀, Ensign tó di Lieutenant láìsan kọ́bọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí wọ́n rọ́pò tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ó kú nítorí ọgbẹ́ rẹ̀. Òmíràn wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, ojú ìwé náà kún fún irú rẹ̀.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1855 ló fà á. Lọ́jọ́ náà, àwọn Faransé kọ lu odi Malakoff ní Sevastopol, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kọ lu odi Redan. Rẹ́jímẹ́ńtì 97th wà lára àwọn tó ṣíwájú. Ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n gbé àkàsọ̀ sá kọjá, kò sí igi, kò sí òkúta tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí, àwọn ará Rọ́ṣíà sì ń yìnbọn láti orí odi. Ibẹ̀ ni Major Augustus Welsford kú sí. Ọmọ Nova Scotia ní Kánádà ni, wọ́n sì kọ́ ohun ìrántí fún un ní Halifax ní 1860, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ́jímẹ́ńtì náà, Handcock, gbọgbẹ́ tó pa á. Captain Charles Lumley àti Sergeant John Coleman tí wọ́n jọ wà nínú 97th ni wọ́n wá fún ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ogun Sevastopol. Àwọn Faransé gba Malakoff, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mú Redan dúró. Ní òru ọjọ́ náà, àwọn ará Rọ́ṣíà fi apá gúúsù ìlú sílẹ̀ fúnra wọn.

Bàbá Aláṣọ Pupa kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Bí mo ṣe ń ka ojú ìwé Gazette yẹn ni oríkì Ìkòyí ń sọ lórí ahọ́n mi láìpè é. Iwájú gbangba ni àwọn tó kú náà ti gbọgbẹ́. Ipò wọn ni Bàbá gùn.

Mo pe ìyá ọkọ mi, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tún orúkọ ọ̀dọ́kùnrin tí Bàbá rọ́pò kà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kò sọ̀rọ̀ Inkerman mọ́.

Ìgbà tí ọjọ́ ìgbéga ti wà lọ́wọ́ mi ni mo tó lọ sí Kew. Ọ̀fẹ́ ni káàdì òǹkàwé, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti ìwé tó fi àdírẹ́sì yín hàn dání. Bírò kò gbọdọ̀ wọlé, pẹ́ńsùlù nìkan ni. Báàgì yóò wà nínú àpótí tí ẹ óò tì ní kọ́kọ́rọ́, inú ọ̀rá tó mọ́ gaara ni ẹ óò kó ìyókù sí. Ẹ lè fi fóònù ya fọ́tò àwọn ìwé náà, èyí sì dára púpọ̀, torí ìkọ̀wé àwọn ará ìgbà náà le kà, ẹ óò fẹ́ gbé e délé kí ẹ fara balẹ̀ wò ó.

Ìwé tí mo lọ wò ni WO 31. Ìwé ìbéèrè àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá ológun ló wà nínú rẹ̀, láti 1793 títí di 1870, ọjọ́ ìgbàsípò ni wọ́n sì fi tò wọ́n, wọn kò fi orúkọ tò wọ́n. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ náà kò lè rí nǹkan kan. Wọ́n gbé àpótí kan wá fún mi, ìdìpọ̀ ìwé oṣù kan ló wà nínú rẹ̀. Mo yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan lẹ́tà tí bàbá Bàbá Aláṣọ Pupa kọ sí ọ́fíìsì Lord Hardinge, ẹni tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun nígbà náà.

Àlùfáà ìjọ kékeré kan ni bàbá náà. Ó kọ ọ́ pé òun ní ọmọkùnrin mẹ́fà, pé òun kò ní owó tí òun lè fi ra ipò fún èyí tó fẹ́ jagun, ṣùgbọ́n òun gbọ́ pé ogun Crimea ti jẹ́ kí àwọn ọ̀gá kéékèèké dín kù. Ẹni tó bá mọ Crimea mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ. Òtútù, ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì pa àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ju ìbọn lọ nígbà òtútù 1854 sí 1855. Ìwé ìrìbọmi ọmọ náà wà lára lẹ́tà, àti ìwé méjì láti ọwọ́ àwọn ènìyàn pàtàkì tó jẹ́rìí pé ọmọlúàbí ni. Mo di ìyá, torí náà lẹ́tà yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá kan ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba ọmọ òun síbi tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ti ń kú. Mi ò dá a lẹ́bi. Ó wo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó sì rí ọ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ títí dé ibí yìí wà nínú gbólóhùn kan: nídìí ọ̀pọ̀ ìgbéga nínú ìwé àwọn ọ̀gá ológun wọ̀nyẹn ṣáájú 1871, ẹnì kan ló kú tàbí ẹnì kan ló sanwó. Bí ẹ bá ń tọpasẹ̀ bàbá yín, ní orí ìgbéga kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè èwo nínú méjèèjì ni.

Mo béèrè bẹ́ẹ̀ nípa ipò Captain. Ní 1863, Bàbá di Captain, lẹ́tà P sì wà níwájú rẹ̀ gbàgàdà. Owó tó fi yàtọ̀ láti Lieutenant dé Captain jẹ́ £1,100. Ọmọ àlùfáà tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́dún 1855, níbo ló ti rí £1,100 lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ? Owó oṣù kọ́ o. Ìwé WO 31 ti ọdún náà ní fọ́ọ̀mù kan tó fi hàn pé owó ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ aṣojú rẹ́jímẹ́ńtì. Kò sọ ẹni tó mú un wá.

WO 76 ló là á fún mi. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ọ̀gá ni, rẹ́jímẹ́ńtì ló ń pa á mọ́ fúnra rẹ̀, kò sì pé dọ́gba fún gbogbo rẹ́jímẹ́ńtì, òmíràn ti sọnù. Ojú ìwé Bàbá wà. Ọjọ́ ìbí, ìgbéga, ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, ogun tí wọ́n jà. Ní apá kan nísàlẹ̀, àyè kékeré kan wà fún ìyàwó àti ọmọ: wọ́n gbéyàwó ní Bengal, ní Íńdíà, ní 1862. Orúkọ ìyàwó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ mi, ẹnì kankan kò tíì pe orúkọ obìnrin náà létí mi. Ìyá ọkọ mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Rẹ́jímẹ́ńtì 97th ti lọ sí Íńdíà nígbà náà, nítorí ọ̀tẹ̀ ńlá tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà dì sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1857. Ọ̀rọ̀ Íńdíà yìí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n là á. Ọmọ ogun méjì ló wà níbẹ̀. Ti ọba wà, ti East India Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà tẹ́lẹ̀, sì wà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀gá wọn, ọ̀tọ̀ ni ìwé wọn. Ìwé àwọn ọ̀gá Company wà ní British Library, kò sí ní Kew. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń sọ pé bàbá jagun ní Íńdíà ní láti kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni. Ti ọba ni 97th. Síbẹ̀, ìgbéyàwó, ìrìbọmi àti ìsìnkú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, British Library ni ẹ̀dà wọn wà, ì báà jẹ́ ọmọ ogun ọba ni wọ́n. Àmì N/1 ni ti Bengal. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé oníṣòwò ní Kàlìkọ́tà ni bàbá ìyàwó.

Láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1858 ni ìjọba ti ń pa ìwé ìhágún mọ́ ní England àti Wales, ẹ sì lè fi owó díẹ̀ ra ẹ̀dà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníṣòwò náà kú sí England lẹ́yìn tó fi Íńdíà sílẹ̀, nítorí náà ìwé ìhágún rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó pín ogún fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Nígbà tó dé orí ìyàwó Bàbá, ó ní òun kò béèrè owó tí òun yá ọkọ rẹ̀ láti fi di Captain mọ́, kí ọmọbìnrin náà ka owó yẹn sí ìpín tirẹ̀.

Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dìde láti orí àga. Ipò Captain ni ogún obìnrin náà. Army List kò ní orúkọ rẹ̀. Gazette kò ní. Ní 1871 tí wọ́n fòpin sí títa ipò, ìjọba ṣètò àsanpadà fún àwọn ọ̀gá tó ní ipò tí wọ́n ì bá tà, kí wọ́n gbà á nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ọkọ ni irú owó bẹ́ẹ̀ sì ń bọ́ sí. Bí mo ti jẹ́ ìyàwó inú ilé yẹn, mo kà á sí ojúṣe mi pé kí a máa dárúkọ rẹ̀.

Ìgbéga ìkẹyìn rọrùn. Wọ́n di Major, wọ́n sì fẹ̀yìn tì ní 1881 pẹ̀lú oyè ọlá Lieutenant-Colonel, bí ọ̀pọ̀ Major ṣe ń ṣe nígbà náà. Wọn kò darí rẹ́jímẹ́ńtì rí, ṣùgbọ́n Colonel ni gbogbo ayé ń pe ẹni tó bá ní oyè náà, nítorí náà ohun tí ẹbí sọ tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ Lucknow, ìlú kan ní Íńdíà, ni kò rọrùn fún mi. Mẹ́dà kejì ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, Hart sì fi ìlà kan péré sí i, pé wọ́n wà níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Lucknow padà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1858. Ìlà kan! Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Qaiserbagh, ààfin ìlú náà, wọ́n kó o ní ìkógun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ pàápàá kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú. Fàdákà, ohun ọ̀ṣọ́, aṣọ olówó iyebíye, ohun tí wọn kò lè kó ni wọ́n fọ́. Mi ò rí ìwé tó sọ pé Bàbá kó nǹkan kan, mi ò sì ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ọkọ mi bi mí bóyá kí a fi Lucknow sílẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ. Mo ní rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, oríkì kì í yọ ohun tó korò kúrò. Àbùkù àwọn baba wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ògo wọn, ọmọ yóò gbọ́ méjèèjì, yóò sì dàgbà sínú rẹ̀.

Ohun tí mo ń fi ki àwọn ọmọ mi nìyí ní ìhà bàbá wọn:

Ọmọ Aláṣọ Pupa, ọmọ àlùfáà,
Ọmọ ẹni tó bá wọn gbé àkàsọ̀ lójú ọta,
Ọmọ ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó sùn ní Redan.
Ọmọ ẹni tó wọ Lucknow lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ààfin,
Ọmọ obìnrin Kàlìkọ́tà
Tó fi ogún rẹ̀ sọ ọkọ di Captain.

Ohun kan tí mi ò wá ló tún bọ́ sí mi lọ́wọ́ nínú Army List. Lẹ́yìn àwọn rẹ́jímẹ́ńtì ni abala àwọn dókítà wà. Bí mo ṣe ń ṣí ìwé àwọn ọdún 1860 ni mo rí W. B. Davies láàárín àwọn oníṣègùn ọmọ ogun. William Broughton Davies ni, ọmọ abúlé Wellington ní Sierra Leone, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀, lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ní 1855 kan náà tí wọ́n fi Bàbá jẹ Ensign ni ilé iṣẹ́ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Freetown láti lọ kọ́ ìṣègùn ní King's College, Lọ́ńdọ̀nù. Méjì ló parí rẹ̀: Davies, àti James Africanus Horton tó jẹ́ ọmọ Ìgbò. Davies di dókítà ní 1858. Àwọn méjèèjì wọṣẹ́ ogun gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, wọ́n ṣiṣẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì dé ipò Surgeon-Major. Àwọn dókítà aláwọ̀ funfun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ kò fẹ́ wọn, ilé iṣẹ́ ogun sì pa ètò náà tì, kò rán ọmọ Áfíríkà mìíràn lọ mọ́.

Kò sí lẹ́tà P níwájú orúkọ Davies, torí ipò dókítà kò sí fún títà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe àwọn ọmọ mi wá síwájú kọ̀ǹpútà kí wọ́n fojú rí orúkọ náà. Ẹ̀yin ọmọ Sàró tí ẹ ń kà mí, tí wọ́n bá ti ń sọ nílé yín pé bàbá kan ṣe dókítà ọmọ ogun ọba, ọ̀nà kan náà ni: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Hart, ẹ ṣí abala àwọn dókítà, ẹ gba ọjọ́ níbẹ̀ lọ sí Gazette.

Iṣẹ́ tèmi kò tíì tán. Ìwé ìgbéyàwó Bengal kọ orúkọ bàbá ọkọ àti ti bàbá ìyàwó, kò kọ orúkọ ìyá kankan. Kàlìkọ́tà ni wọ́n bí ìyàwó Bàbá sí, nítorí náà ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ló kù tí màá wá nínú N/1, ní nǹkan bí ọdún 1840. Nínú àwọn ìwé ìgbà náà, nígbà tí ìyá bá jẹ́ ọmọ Íńdíà, ìgbà mìíràn wà tí wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ rárá. Ìyá ọkọ mi ti sọ fún mi pé àwọn fẹ́ bá mi lọ lọ́tẹ̀ yìí, kí àwọn náà jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń wá a. Wọ́n ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo ti bá wọn gba káàdì òǹkàwé.